Èso, hóró, ìyẹ̀fun tàbí ìpara: èwo ni kí ẹ yàn fún fítámì C àti kọ́lájìn?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé nǹkan mẹ́ta kalẹ̀ síwájú mi lọ́jọ́ kan: ike hóró fítámì C tó jẹ́ 1000 mílígíráàmù, agolo kọ́lájìn oníyẹ̀fun, àti ìgò kékeré omi ìpara ojú. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn wọ̀nyí? Apá mi ò lè ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóṣooṣù." Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ka oúnjẹ náà fún mi títí. Èso kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀, ewébẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Awọ ojú tó ń hunjọ ni wọ́n torí rẹ̀ ra gbogbo rẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo tún bi wọ́n léèrè sí i, wọ́n ní èrìgì àwọn náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí àwọn bá ń fọ eyín.

Mo kọ ohun tí mo bá wọn sọ síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́ ló dúró sí oríta yìí. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ẹni tó fẹ́ kí kọ́lájìn, purotéènì tó ń di ara mú, dára lára òun: oúnjẹ, hóró fítámì C, kọ́lájìn tí a ń pò mu, àti ohun tí a ń fi pa awọ ara. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan dípò èkejì lè náwó fún odindi ọdún láì rí ìyàtọ̀.

Ohun tí kọ́lájìn ń wá lọ́wọ́ fítámì C

Kọ́lájìn ni purotéènì tó pọ̀ jù lọ nínú ara ènìyàn. Bí a bá kó gbogbo purotéènì ara jọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni tirẹ̀. Òun ló wà nínú awọ ara, nínú eegun, nínú kerekere oríkèé, nínú èrìgì, nínú iṣan tó so ẹran mọ́ eegun, àti lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo okùn tí a fi fọ́nrán mẹ́ta lọ́ pọ̀: bí kọ́lájìn ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn, okùn wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ sì tún ń so pọ̀ mọ́ra wọn di okùn ńlá.

Àmọ́ fọ́nrán kì í dédé lọ́ mọ́ra wọn kí ó le. Kí wọ́n tó lè di ara wọn mú, àwọn ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá, gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lára wọn. Wọ́n ń fi ọ́síjìn àti háídírójìn kún èròjà méjì tó wà lára fọ́nrán, tí wọ́n ń pè ní proline àti lysine. Ti proline ló ń jẹ́ kí fọ́nrán mẹ́ta náà dúró ní lílọ́. Ti lysine ló ń ran okùn kan lọ́wọ́ láti so mọ́ òmíràn. Irin wà ní àárín àwọn ẹ́ńsáìmù yìí. Lẹ́nu iṣẹ́, irin náà a máa yí padà, ká sáà sọ pé ó ń dípẹtà, bó bá sì ti dípẹtà, ẹ́ńsáìmù náà a dáwọ́ dúró. Fítámì C ló ń dá irin náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè máa lọ.

Bí fítámì C kò bá tó, ara kò ní kí òun má lọ́ okùn mọ́. Ó ń lọ́ ọ, àmọ́ ìlọ́kulọ̀ọ́ ni. Kọ́lájìn tí àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ máa ń tú ní nǹkan bí 24°C, ara wa sì wà ní 37°C. Nítorí náà, kò tilẹ̀ lè dúró nínú ara rárá. Ibi tí ara ti ń tún kọ́lájìn ṣe kíákíá ni yóò kọ́kọ́ hàn: èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, ojú egbò á kọ̀ láti san, ẹ̀jẹ̀ á máa sun sábẹ́ awọ ní tóótòòtó, oríkèé á máa dunni. Àrùn scurvy nìyẹn.

Àrùn yìí náà ló bí ọ̀kan nínú àwọn ìfiwéra tó lókìkí jù nínú ìtàn ìṣègùn. Ní ọdún 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ogun ojú omi HMS Salisbury ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú atukọ̀ 12 tí scurvy ń ṣe, ó pín wọn ní méjì-méjì, oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, àmọ́ ohun tó fi kún un fún wọn yàtọ̀ síra: àwọn kan gba ọtí èso ápù, àwọn kan gba ásíìdì tí wọ́n fi omi là, àwọn kan ọtí kíkan, àwọn kan omi òkun, àwọn kan àpòpọ̀ èròjà amóúnjẹ-tasánsán, méjì yòókù sì gba ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ ọsàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, ó di 1795 kí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún àwọn atukọ̀ ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò lẹ́mọ́ọ̀nù, wọ́n rò pé bákan náà ni nítorí pé méjèèjì kan. Fítámì C inú ọsàn wẹ́wẹ́ kò pọ̀ tó ti lẹ́mọ́ọ̀nù, scurvy sì tún gbérí. Mo máa ń rántí ìtàn yìí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ohun tó bá ti kan ló ní fítámì C jù. Kíkan èso kò túmọ̀ sí fítámì C. Ásíìdì mìíràn ló sábà máa ń mú un kan.

Ewúrẹ́, ajá, ológbò, gbogbo wọn ló ń ṣe fítámì C fúnra wọn nínú ẹ̀dọ̀. Ènìyàn kò lè ṣe é, ìnàkí kò lè ṣe é, ẹmọ́ òyìnbó náà kò lè ṣe é. Jíìnì tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ lára wa láti ayébáyé. Ohun tí a bá jẹ nìkan ni a ní.

Mélòó ni ara ń fẹ́, mélòó ló sì lè gbà?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́, torí òun ló ń pinnu gbogbo ohun tó kù. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí wọ́n dábàá fún ọkùnrin tó ti dàgbà jẹ́ 90 mílígíráàmù lóòjọ́, 75 fún obìnrin, 85 fún aboyún, 120 fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ fi 35 kún tirẹ̀. Ọmọ ọdún 4 sí 8 kò nílò ju 25 lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 40 tó fún àgbàlagbà; Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 45. Ìyàtọ̀ yẹn kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń parọ́. Àwọn kan ń wo ohun tí yóò jẹ́ kí ara má ṣe aláìní, àwọn kan sì ń wo ohun tí yóò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ara kún dáadáa. Mílígíráàmù 10 péré lóòjọ́ ti tó láti dènà scurvy.

Ẹ wá fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú hóró 1000 tó wà nínú ike ẹ̀gbọ́n mi. Bí ènìyàn bá jẹ fítámì C tó wà láàárín 30 sí 180 mílígíráàmù lóòjọ́, ìfun ń gba nǹkan bí ìdá 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé. Bó bá gbé 1000 mì lẹ́ẹ̀kan, ohun tó wọlé kò tó ìdajì. Èyí tó sì wọlé náà, kíndìnrín ń da àṣẹ́kù rẹ̀ sínú ìtọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, torí bí ènìyàn bá ti ń jẹ tó 200 sí 400 lóòjọ́, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ibi tí kò lè gbà mọ́. Ẹ́ńsáìmù tó ń lọ́ kọ́lájìn kò ní tìtorí pé ẹ gbé ìlọ́po mẹ́wàá mì kó wá ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Bó bá ti ní èyí tó tó o, ó tó o nìyẹn.

Àpapọ̀ ohun tí ara àgbàlagbà tó jẹun dáadáa lè fi pamọ́ jẹ́ nǹkan bí 1500 mílígíráàmù. Bó bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 300, àmì scurvy lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Láti orí èkíní dé orí èkejì, oṣù kan sí oṣù mẹ́ta ni fún ẹni tí kò jẹ fítámì C rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìwọ̀nba tí a ń jẹ lójoojúmọ́ dára ju ọ̀pọ̀ tí a ń gbé mì lọ́sẹ̀ kan tí a wá gbàgbé lọ́sẹ̀ kejì.

Èso àti ewébẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ hóró

Fítámì C inú ọsàn àti fítámì C inú hóró kò yàtọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n, ara kò sì mọ ibi tó ti wá. Láti ọdún 1933 tí Tadeusz Reichstein ti ṣàwárí bí a ṣe lè ṣe é ní ilé iṣẹ́ ni a ti ní i ní hóró. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún yín pé fítámì C "àdánidá" tí òun dì sínú ike lágbára ju tàwọn yòókù lọ ń ta ọ̀rọ̀ fún yín ni.

Ohun tó mú kí n fi èso ṣíwájú kò sí nínú fítámì C fúnra rẹ̀. Èso ń gbé omi, okun oúnjẹ tó ń jẹ́ kí ìfun ṣiṣẹ́, pòtáṣíọ̀mù àti ọ̀pọ̀ èròjà mìíràn wá, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè jẹ ọsàn débi tí fítámì C yóò fi pọ̀ lápọ̀jù lára rẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà nínú 100 gíráàmù èso tútù: gúáfà ní nǹkan bí 228 mílígíráàmù, tàtàṣé pupa 128, kíwì 93, ìbẹ́pẹ 61, ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù 53, ọ̀pẹ̀ òyìnbó 48, máńgòrò 36, ọsàn wẹ́wẹ́ 29, tòmátì 14, ápù nǹkan bí 5. Gúáfà kan tó tóbi díẹ̀ ti ju ohun tí ará Amẹ́ríkà kan nílò fún ọjọ́ kan lọ. Ọsàn kan tó mọ níwọ̀n ní nǹkan bí 70. Ẹni tó bá ń gbẹ́kẹ̀ lé ápù nìkan yóò jẹ ẹ́ títí ẹnu yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ibi tí oúnjẹ ti kéré sí hóró ni pé a lè bà á jẹ́. Fítámì C ń yòrò sínú omi, ooru ń pa á, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ewébẹ̀ tí a bọ̀ nínú omi púpọ̀, tí a wá da omi rẹ̀ nù, a ti da èyí tó pọ̀ nínú fítámì C rẹ̀ nù mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi ooru omi sè é fún ìgbà díẹ̀, tàbí ẹ jẹ ẹ́ ní tútù, yóò ṣẹ́ kù dáadáa. Èso tí a gé sílẹ̀ láti àárọ̀ tí kò ní ìdérí kò dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àti omi èso inú páálí: fítámì C lè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ṣúgà rẹ̀ pọ̀, okun oúnjẹ sì ti lọ. N kò ní fi í sípò kan náà pẹ̀lú èso gidi.

Hóró ní tirẹ̀ ní ìwọ̀n tó dájú, kò sì ní bàjẹ́ kíákíá. Ẹni tí ó ń rìnrìn àjò, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń dùn ún tí kò lè jẹ èso, ẹni tí ara rẹ̀ kọ ọsàn, arúgbó tó ń dá gbé tí oúnjẹ rẹ̀ kò yí padà láti oṣù dé oṣù, àwọn wọ̀nyí ni hóró wà fún. Èyí tó jẹ́ 100 sí 200 ti tó wọn.

Hóró náà kì í ṣe ẹyọ kan

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ásíìdì asikọ́bíìkì lásán, ìyẹn fítámì C fúnra rẹ̀. Ó dára, àmọ́ ó lè ta inú ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí àyà rẹ̀ ń ta. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣe èyí tí a pò mọ́ sódíọ̀mù tàbí káṣíọ̀mù kí ó má bàa kan. Ti sódíọ̀mù ń fi ju 100 mílígíráàmù sódíọ̀mù lọ kún gbogbo 1000 fítámì C, nítorí náà kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru yẹra fún un. Èyí tó ń hó nínú omi dùn mu, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ èròjà tó ń mú un hó náà ní sódíọ̀mù, nígbà mìíràn ó máa ń pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ ka ara páálí rẹ̀.

Èyí tí a ń rún lẹ́nu ni n kò fẹ́ràn rárá. Ásíìdì ni, ó sì ń dúró lára eyín. Bí ènìyàn bá ń rún un lójoojúmọ́, ó lè máa jẹ ara eyín. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí wọ́n ń pè ní liposomal, ń gbé fítámì C inú ẹ̀jẹ̀ ga díẹ̀ sí i ju hóró lásán lọ, àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀ kò rí ohun tuntun kan gbà níbẹ̀.

Ìwọ̀n tó ga jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ni 2000 lóòjọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ni inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Àmọ́ kò di dandan kó tó dé ibẹ̀ kí ewu tó bẹ̀rẹ̀ fún àwọn kan. Ìwádìí kan ní Sweden tó jáde ní ọdún 2013, tí wọ́n ṣe lórí ọkùnrin tó lé ní 23,000, rí i pé àwọn tó ń lo àfikún fítámì C ní òkúta inú kíndìnrín ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tí kò lò ó. Ara ń sọ díẹ̀ nínú fítámì C di oxalate, ohun tí òkúta náà ń ti ara rẹ̀ wá. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, ẹni tí òkúta ti ṣe rí, ẹni tí irin ń pọ̀ lápọ̀jù nínú ara rẹ̀, àti ẹni tí ẹ́ńsáìmù G6PD, èyí tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò tó lára rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan hóró ńlá láì bá dókítà sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n ńlá náà lè mú kí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn alátọ̀ọ̀gbẹ fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Kọ́lájìn oníyẹ̀fun ní ẹ̀gbẹ́ fítámì C

Ìdí okùn ni kí a tún padà sí. Ẹni tó ra kọ́lájìn oníyẹ̀fun ra òwú. Fítámì C ni ó ń jẹ́ kí ọwọ́ tó ń lọ́ ọ ṣiṣẹ́. Òwú lè kún ilé, bí ọwọ́ kò bá ṣiṣẹ́, kò sí okùn.

Láti ara awọ àti eegun màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹja ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹ̀fun náà, nítorí náà ẹni tí kì í jẹ ẹran, tàbí tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀, gbọ́dọ̀ wo ibi tó ti wá. Wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ kó lè rọrùn fún ikùn láti lọ̀. Bó bá dé inú, ikùn ń lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà, ó ń di èròjà kéékèèké, àwọn ègé díẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láì tíì fọ́ tán. Ikùn kò mọ̀ pé ojú ni ẹ rà á fún. Ibi tí ara bá ti rí i pé òun nílò rẹ̀ ló ń gbé e lọ.

Ṣé kò wá wúlò rárá ni? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló wà tí àwọn ènìyàn ti mu gíráàmù 2.5 sí 10 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, tí wọ́n sì ní awọ ara wọn mú omi dúró sí i, ó sì rọ̀ díẹ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta á ló náwó sí púpọ̀ nínú wọn, nígbà tí àwọn olùṣèwádìí sì ya àwọn tí ilé iṣẹ́ kò náwó sí sọ́tọ̀, àǹfààní náà kò hàn kedere mọ́. Ohun tó wú mi lórí jù nípa kọ́lájìn tí a ń mu kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ojú. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí kan fún ọkùnrin 8 ní gíráàmù 15 jẹ́látìn (kọ́lájìn tí a ti sè) tí wọ́n fi fítámì C sí, wákàtí kan kí wọ́n tó fo okùn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àmì tó ń fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀ pé ara ń ṣe kọ́lájìn di ìlọ́po méjì. Ènìyàn mẹ́jọ kéré jọjọ, àmì inú ẹ̀jẹ̀ sì yàtọ̀ sí iṣan tó ti san. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wọ́n kò fún wọn ní jẹ́látìn láì sí fítámì C.

Bí ẹni tó ń jẹ ẹyin, ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tó bó ṣe yẹ, tó sì ń jẹ èso lójoojúmọ́, bá bi mí bóyá kó ra ìyẹ̀fun, màá ní bí owó bá ṣẹ́ kù, kó dán an wò fún oṣù mẹ́ta, kó má sì retí ohun ìyanu. Bí ẹni tí kì í jẹ èso bá bi mí ní ìbéèrè kan náà, màá ní rárá.

Èyí tí a ń gbé mì àti èyí tí a ń fi pa ara

Ìpara tí wọ́n kọ "kọ́lájìn" sí lára kò lè fi kọ́lájìn kún awọ yín. Kọ́lájìn tóbi ju kí ó gba ojú awọ wọlé lọ. Ó ń jókòó sókè, ó ń jẹ́ kí awọ máa tutù, iṣẹ́ ìpara lásán náà nìyẹn. Bí orúkọ kọ́lájìn bá ti mú un wọ́n, owó orúkọ ni ẹ ń san.

Fítámì C ojú awọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó kéré tó láti wọlé, bí ipò rẹ̀ bá dára: kí ó jẹ́ L-ascorbic acid (fítámì C gan-an), kí ó wà láàárín ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí pH rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó) má sì ju 3.5 lọ. Èyí tó ju ìdá 20 lọ kò ràn án lọ́wọ́, ó kàn ń ta awọ ni. Bí wọ́n bá fi fítámì E àti ferulic acid, èròjà kan láti ara ewéko, kún un, ó ń pẹ́ sí i kó tó bàjẹ́, ó sì ń dáàbò bo awọ sí i lọ́wọ́ oòrùn. Ó tọ́ kí ó wà nínú ìgò dúdú tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ló ń sọ ìtàn rẹ̀: bó bá funfun bí omi tàbí pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó ṣì dára; bó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti kú.

Ojú tí a fi pa nìkan ló ń ràn lọ́wọ́. Kò lè dé eegun, kò lè dé èrìgì, kò lè wo egbò ẹsẹ̀ san. Fítámì C tí a jẹ ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé gbogbo ibẹ̀, ó sì ń dé awọ ojú náà láti abẹ́. Ohun tí ń fọ́ kọ́lájìn ojú jù lọ ni oòrùn, lẹ́yìn rẹ̀ èéfín sìgá. Ẹni tó ń fi omi fítámì C pa ojú tí kò sì lo ohun tó ń dí oòrùn, ńṣe ló ń fa omi sínú agbọ̀n.

Ohun mìíràn tí wọ́n fi ń tà á

Òtútù àti ikọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi polówó rẹ̀. Linus Pauling, tó gba ẹ̀bùn Nobel nígbà méjì, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tàn ká láti ọdún 1970. Ìwádìí tó pọ̀ ti tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n sì rí kò dé ibi tó sọ. Ẹni tó ń lo fítámì C lójoojúmọ́ yóò ṣì mú òtútù bí ti ẹlòmíràn, àmọ́ òtútù náà máa ń kúrú pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún àgbà, 14 fún ọmọdé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí imú ti ń dà kò rí àǹfààní kan gbòógì. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agbára gan-an, bí àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn tàbí ọmọ ogun nínú òtútù líle, ni ó dín iye ìgbà tí wọ́n ń ṣàìsàn kù dé nǹkan bí ìdajì. Fún wọn, hóró ní láárí.

Àǹfààní tí wọn kì í polówó, tí mo rò pé ó tóbi ju ti òtútù lọ, ni ti irin. Irin inú ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ṣòro fún ìfun láti gbà. Bí fítámì C bá wà nínú oúnjẹ kan náà, irin náà ń wọlé dáadáa. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tó sì ń jẹ ẹ̀wà láì fi èso tì í, ń pàdánù ohun tó wà lórí àwo rẹ̀. Ọsàn kan pẹ̀lú oúnjẹ náà ṣe iṣẹ́ tí hóró tí a gbé mì ní òru, tí inú ti ṣófo, kò lè ṣe.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ara rẹ̀ yá, tó lè rí èso àti ewébẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kò nílò ohunkóhun nínú ike. Ẹni tó ń mu sìgá nílò èso sí i ju ẹlòmíràn lọ, bó bá sì ń ra kọ́lájìn nígbà tó ń mu sìgá, mo bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, kó fi owó kọ́lájìn náà wá ọ̀nà tí yóò fi jáwọ́ nínú sìgá. Aboyún gbọ́dọ̀ wo oògùn tí wọ́n ti fún un ní ilé ìwòsàn kó tó ra hóró mìíràn, torí fítámì C sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní egbò ńlá tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ń lo fítámì C àti purotéènì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ó béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń dárayá, tí iṣan rẹ̀ ti farapa, ni mo lè dábàá kọ́lájìn pẹ̀lú fítámì C fún kó tó ṣe eré ìdárayá. Ẹni tí àbààwọ́n ojú ń dà láàmú ni omi ìpara yẹ fún, pẹ̀lú ohun tó ń dí oòrùn.

Ẹ̀gbọ́n mi yan èso. Wọ́n fi hóró 1000 náà fún ẹlòmíràn, wọ́n ra oní-100 fún ọjọ́ tí wọ́n bá wà lójú ọ̀nà. Mo tún ní kí wọ́n lọ rí dókítà eyín, torí èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ti fítámì C nìkan. Ìdọ̀tí tó gan mọ́ ìdí eyín ló sábà máa ń fà á. Wọ́n lọ, wọ́n yọ ìdọ̀tí náà fún wọn. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ náà ti dá, n kò sì lè sọ pé ọsàn nìkan ló ṣe é. Agolo kọ́lájìn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò mu ún tán torí owó ti wọlé lọ. Omi ìpara ojú ni a jọ ṣí wò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìgò rẹ̀ mọ́ gaara, ojú fèrèsé ni wọ́n sì ń gbé e sí. Ó ti pọ́n bí tíì.